Ẹṣin Tó Kúnlẹ̀ ní Ìsẹ́lẹ̀

                                        Ojúlé 14, Òpópónà Ìtẹ́lọ́rùn,
                                        Ìsẹ́lẹ̀, Ìkòròdú,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Èrèlé, ọdún 2025.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Bàbá Ummusalamah,

Mo kí ọ kú omi, mo kí ọ kú oko, torí mi ò mọ èyí tí lẹ́tà yìí máa bá ọ nídìí rẹ̀ ní Ejinrin. Ìyá Ummusalamah ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nígbà Iléyá, ṣé ó ti fúyẹ́? Ummusalamah àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ń rí ẹja jẹ ju èmi tí mo wà nígboro lọ? Àpínkẹ́ ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ara tèmi le bí ara àgbà ṣe ń le, a dúpẹ́ pé ilẹ̀ ń mọ́ bá wa. Ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ tí mi ò tíì béèrè rẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

O sọ fún mi lórí fóònù pé Hanifah ọmọ mi ṣàdédé wọlé tọ̀ yín wá pẹ̀lú báàgì kan àti bàtà gígùn tó fi ń gun ẹṣin, ó ní òun fẹ́ sinmi, kò sì sọ nǹkan mìíràn. O bi mí bóyá mo bá a jà. Mo ní rárá, mo sì pa fóònù. Ìwé ni mo wá kọ báyìí, torí bí mo bá ń fẹnu sọ ọ́, ìbínú á mú kí n fo ibi tó yẹ kí n sọ.

Kí n kọ́kọ́ la iṣẹ́ ọmọ náà yé ọ, torí àwọn ọlọ́gbọ́n àdúgbò wa kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Ọdún méjì ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìṣó ní Ẹsitéètì, níbi táwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí ní Ìkòròdú níbí, kó tó fi í sílẹ̀, tó lọ ń kó ìgbẹ́ ẹṣin níbi táwọn olówó ti ń kọ́ ẹṣin gígùn l'Ékòó. Fàlílátù tó ń gbé òdìkejì ilé wa ní àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti ṣe é. Níbi tó ti ń kó ìgbẹ́ náà ló ti kọ́ ẹṣin gígùn, wọ́n mú un lọ sí Gúúsù Áfíríkà, ó lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Kò ní ẹṣin tirẹ̀. Ẹṣin olówó ló ń kọ́, ẹṣin olówó ló ń gùn, ohun tó ń jẹ nìyẹn.

Ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ẹṣin á máa fi ìwọ̀n gbé ẹsẹ̀ níwájú àwọn adájọ́, bí ọmọléèwé tó ń ka ohun tó há sórí. Lọ́jọ́ kejì, á sáré gba inú igbó, á máa fo ìtì igi, kòtò àti omi. Lọ́jọ́ kẹta, á fo àwọn ọ̀pá tí wọ́n kùn lọ́dà, tó jẹ́ pé bó bá fi ẹsẹ̀ kàn án, á já bọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kẹta yẹn, dókítà ẹran á kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú ẹṣin sáré lórí ilẹ̀ líle. Bó bá tiro, ó parí.

Ẹni tó ni ẹṣin tó ń gùn láti ọdún tó kọjá ni Olóyè Oríyọmí, tó ní ilé ìkẹ́rùsí méjì ní Ẹsitéètì. Mo ti rí òpè, ṣùgbọ́n òpè tó joyè ṣọ̀wọ́n. Abo ẹṣin ló rà, ó sọ ọ́ ní Kábíyèsí. Nígbà tí Hanifah fẹ̀sọ̀ sọ fún un pé abo ni, ó ní ẹṣin kì í mọ̀. Á wọ agbádá wá wò ó, á sì lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, níbi tí aláìmọ̀kan ń dúró sí. Ó dùn mí pé ẹṣin náà níwà, kò ta á nípàá rí.

Oko kan lẹ́yìn Ìmọ̀tà ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà, láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá. Bí Hanifah bá ṣáà ti parí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ì báà ṣe ipò kẹwàá, ìwé tí yóò gbé e lọ sí ìdíje ńlá nílẹ̀ òkèèrè lóṣù Ọ̀wàrà ti dọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wá ìwé yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n jáde nínú igbó, òun ló ṣáájú gbogbo wọn.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn èèyàn wa ti jáde. Wọ́n rí eré sísá, wọ́n rí ẹni tó ṣáájú, ó ti parí lójú tiwọn. Olóyè rò pé ọjọ́ kẹta wà fún ìdúpẹ́, bí ẹni tó ṣègbéyàwó lánàá. Hanifah ti fi yìnyín di ẹṣin lẹ́sẹ̀, ó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Olóyè dé ẹnu ọ̀nà oko, ó ní òun lòun ni ẹṣin òun, ta ni yóò dá òun dúró? Ó fi ọkọ̀ gbé Kábíyèsí wá síwájú ilé mi ní Ìsẹ́lẹ̀, pé kó wá kí ìdílé ẹni tó gùn ún.

Ó fẹ́ ṣe é bí àwọn ará Ìjẹ̀bú ti ń ṣe lójúde ọba wọn. Ó fi àlàárì bo ẹṣin, òun fúnra rẹ̀ sì gùn ún. Èèyàn mẹ́ta ló tì í gòkè. Àwọn tó ń pe ọmọ mi ní akóìgbẹ́ jáde, wọ́n ń jó. Fàlílátù ló ṣáájú, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé lọ́wọ́ òun ni Hanifah dàgbà sí. Ẹṣin tí ọmọ náà fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ kó lè fara balẹ̀, Olóyè ń fi ìjánu já a lẹ́nu pé kó jó. Ni ìbọn sákàbùlà bá dún. Ẹṣin ta gìrì, ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́ lórí títì ọlọ́dà, ó fi orúnkún iwájú kanlẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹnì kan sáré sí i? Àtẹ́wọ́ ló sọ. Wọ́n ní ẹ wò ó, ó kúnlẹ̀ kí àgbà. Ẹran ṣubú, odindi àdúgbò ń jẹ́ ìkíni rẹ̀. Àgbà kan tilẹ̀ bọ́ síwájú, ó gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ní kó dìde, kó pẹ́ fún wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí wọ́n ti dá ẹṣin padà sí oko, tí èmi náà sì ti bá wọn débẹ̀, Hanifah fọwọ́ ba ẹsẹ̀ náà, ó gbóná, ó sì wú díẹ̀. Ojú ẹni tí kò mọ̀ kò lè rí i. Olóyè ní kó fún un lóògùn ìrora, kó mú un sáré kọjá níwájú dókítà. Bí kò bá ṣe é, òun á wá ẹlòmíràn tó máa gùn ún. Etí mi báyìí ni ọmọ náà ṣe dá a lóhùn.

"Olóyè, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹṣin ò lè sọ̀rọ̀. Tí èmi tí mò ń gùn ún bá tún dákẹ́, kò lẹ́nì kankan mọ́ nìyẹn."

Ó fa ẹṣin lọ bá àwọn adájọ́, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó fara pa, ó sì bọ́ nọ́ńbà tó wà láyà rẹ̀ fún wọn. Ọdún mẹ́sàn-án wọgbó. Ọjọ́ náà ni Olóyè gba ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ti ń wá ẹlẹ́ṣin mìíràn káàkiri, bí ẹni ń wá dírẹ́bà.

Nígbà tí a délé, Hanifah, tó ti gbọ́ pé ìbọn ló dẹ́rù ba ẹṣin, jókòó tì mí. Ó bi mí pé, "Bàbá, ta ló yìnbọn? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Mo ní mo wà ní mọ́ṣáláṣí. Mo ní Olóyè ló kó àwọn ọdẹ rẹ̀ wá. Ó gbà mí gbọ́. Ó ń gbé omi àlùwàlá fún mi láràárọ̀, kò sì bú ẹnì kankan. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́rin. Fàlílátù olórí òfìfo gbé fídíò ọjọ́ náà wá fi hàn án, kó lè rí bí òun ṣe jó. Hanifah wò ó dé òpin, ó dá fóònù padà, ó ní ẹ ṣé, ó wọlé lọ palẹ̀ mọ́.

Qamardeen, láti ilé kéú lo ti mọ̀ mí. Fàsásì ọdẹ ló gbé ìbọn wá, ṣùgbọ́n mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní bàbá ọmọ ló yẹ kó yìn ín. Àgbà tó gbọ́wọ́ lé ẹṣin lórí, èmi náà ni. Mo ti fi gbogbo ìwé yìí bú Olóyè, ó sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n Olóyè kò purọ́ fún ọmọ mi. Ọmọ mi sọ òtítọ́ tó gba oúnjẹ lẹ́nu ara rẹ̀. Èmi tí mo bí i, ìtìjú lásán ló lé mi sínú irọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, mo ti ń ru tèmi.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí yín. Lẹ́yìn náà, jọ̀wọ́, ka ìwé yìí sí Hanifah létí. Má ka ti Olóyè, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Má ka ti Fàlílátù. Ibi tí mo ti gba ìbọn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá dìde kí o tó parí, má pè é padà. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó, tó sì tún béèrè, sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ní òun wà níbẹ̀.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé kéú,
                                        Sàlímọ́nù.