Kantíkantí Tó Ń Mutí àti Àbúrò Mi Àkànní

Abúlé Àáró-Òkè,
nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́.

Tìfẹ́olúwa ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ooru Niamey, mo kí ọ kú iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn elédè Faransé. Ọlọ́run tó sìn ọ́ dé ilẹ̀ oníyanrìn yóò máa ṣọ́ ọ ní Poudrière tí o ń gbé, yóò máa ṣọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tí wọ́n ń tajà ní Maourey náà, àìsàn kò ní mọ ojú ilé yín. Ara wa le níbí. Iṣu ta dáadáa, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan funfun, èkejì dúdú bí ìdí ìkòkò. Bùkárì awakọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí ìyá rẹ ní ohunkóhun tí èèyàn bá kọ sórí fóònù, àwọn tó ni nẹ́tíwọ̀kì á kọ́kọ́ jókòó kà á tán kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ yìí, ọ̀rọ̀ ilé ni.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. O ní iṣẹ́ yín ní yunifásítì ni pé kí ẹ máa fún kantíkantí lọ́tí, kí ẹ sì máa wo ìwà tí wọ́n ń hù. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni kò ríran mọ́. Ṣé kantíkantí kan náà tó ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ká? Mo rí i bí wọ́n ṣe ń sáré kiri bí ẹni tí wọ́n pè síbi owó, lẹ́yìn náà tí wọ́n ń rìn kọsẹ̀kọsẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣubú lulẹ̀. Mo ní ta ló wá ń fọ ife kéékèèké tí wọ́n fi ń mu ún? Ìyá rẹ ní bóyá ṣe ni wọ́n ń lá a. Mo bẹ Ọlọ́run kó dárí jì ọ́, torí o mọ̀ pé èmi ni alága Ẹgbẹ́ A-kì-í-mutí ní ìjọ wa, ọmọ mi wá di ẹni tó ń gbé ọtí fún ẹ̀dá tí kò bèèrè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ ni kò kúrò lọ́kàn mi. O ní akọ kantíkantí tí abo bá kọ̀ máa ń mutí ju èyí tí abo gbà lọ. Àbúrò mi Àkànní ló sọ sí mi lọ́kàn. Ó ń tọrọ Motún, opó tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Motún ò gbà, Àkànní ò sì kúrò nídìí ẹmu mọ́. Iṣẹ́ bíríkìlà tó mọ̀ dunjú, kò sẹ́ni tó pè é sí i mọ́.

Èmi kì í gba ohun tí n kò fojú rí. Mo bá ra ẹmu, mo dà á sínú ìgò, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n lè máa wo àwọn kantíkantí tí yóò wá. Wọ́n wá o. Ohun tó sú mi ni pé n kò mọ èwo ni akọ, èwo ni abo, n kò sì mọ ẹni tó kọ ẹni. Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, tí mo ń wò wọ́n, ni ìyá rẹ bá mi. Ó rí ìgò, ó gbóòórùn, ó káwọ́ lérí. Mo ní Ìyá Tìfẹ́, ti kantíkantí ni. Ó ní ṣé kantíkantí náà ló lọ ra ẹmu ni. Ó bá gba ilé pásítọ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí pásítọ̀ àti àwọn díákónì fi dé, Motún náà sì tẹ̀ lé wọn torí òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin. Wọ́n ní kí n fipò alága sílẹ̀. Ojú tì mí, Tìfẹ́. Mo kàn gbé fóònù fún pásítọ̀, mo ní kí wọ́n wo iṣẹ́ ọmọ mi. Pásítọ̀ wò ó, wọ́n tún un wò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn mọ ọmọ ìjọ kan tó máa ń rìn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo bá ka ọ̀rọ̀ rẹ sókè, ti akọ tí abo kọ̀, gbogbo ojú sì yí sí Motún.

Motún ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìgò Àkànní ka òun lórí. Ó ní òun kì í ṣe kantíkantí, òun ò sì kórìíra ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó ti ń mutí kó tó wá tọrọ òun, ọjọ́ tó wá gan-an, ẹmu ló ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọtí ló pa ọkọ òun àkọ́kọ́, òun ò lè sin èkejì. Ìyá rẹ dìde, ó dì mọ́ ọn.

N kò mọ ẹni tó lọ sọ fún Àkànní. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní ṣé èmi ẹ̀gbọ́n òun ni mo fi òun wé kantíkantí níwájú ìjọ. Mo ní àwọn onímọ̀ Niamey ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á fi han èmi àti àwọn onímọ̀ náà pé èèyàn ni òun. Ìbínú yìí ni kò jẹ́ kó fẹnu kan ẹmu láti ọjọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ìyá rẹ ló ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un, àmọ́ ó ti ń dìde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Motún ní kó wá bá òun tún ògiri ilé ìdáná òun ṣe. Mo lọ yọjú: ògiri náà dúró ṣánṣán. Motún ò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀, omi tútù ló gbé fún un.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ rán Bùkárì sí wa, kí a fi ra irinṣẹ́ tuntun fún Àkànní. Má fi í gba báńkì o. Ọkùnrin tí wọ́n tì mọ́ inú ògiri báńkì Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó máa ka owó síta fún èèyàn, n kò tíì rí i kó jáde jẹun rí, n kò fẹ́ fi kún iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo ń rò ó pé nínú gbogbo ohun tí ẹ ń rí lára kantíkantí, kí ló dé tó jẹ́ ti akọ tí abo kọ̀ nìkan ni o kọ sí mi? Hàdìzà tí o máa ń dárúkọ lórí fóònù, o ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. N kò bèèrè o. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀ ọ́ ní Niamey, má jókòó ti ọtí àwọn kantíkantí yẹn. Wọ mọ́tò, máa bọ̀ nílé. Àwa ò kọ̀ ọ́.

Ọlọ́run yóò fi ẹni tí inú rẹ̀ yóò máa dùn láti rí ọ pàdé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Micah Ògúntádé.