Ẹ̀rọ Etí Tí Mo Kó Mọ́ Aṣọ Ìmúròde

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ tó rántí baba,

Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń rí oorun sùn? Àwa tí ń bẹ nílé ń mí, a sì ń dúpẹ́. O kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ìyá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́. Mo ti fi páànù tuntun lé ibi tí òrùlé ti ń jò, ó wá ku ibòmíràn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ̀rọ ìlọta mi ń ṣiṣẹ́, àgbàdo ni wọ́n ń gbé wá jù báyìí.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò, o mọ̀ ọ́n. Látìgbà tí o ti pè kẹ́yìn, fóònù kò dún mọ́. Ìyá rẹ gbọ́ ohùn rẹ láti ẹnu ọ̀nà, ó sáré wá gba fóònù, ṣùgbọ́n o ti gé e. Ó ní o sọ fún mi pé wọ́n ti dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, èmi sì fi ẹ̀rín dáhùn pé àmín, a dúpẹ́, Ọlọ́run á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yéè! Ọmọ mi, n kò gbọ́ ni o. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ bá ti dákẹ́ báyìí, mo máa ń ṣe àmín, torí àmín kì í sábà ba nǹkan jẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó bà á jẹ́.

O máa bi mí pé ẹ̀rọ etí tí o rà fún mi ńkọ́. Inú àpótí ló wà. Má bínú, gbọ́ mi ná. O mọ̀ pé nílé yìí, ohun tí ọmọ bá rà láti ìlú ńlá, a kì í lò ó ní ìlò wúruwùru. Bàtà tí ẹ̀gbọ́n rẹ rà fún mi, ìgbéyàwó nìkan ni mò ń wọ̀ ọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi áńkáṣíìfù wé ẹ̀rọ náà, mo kó o mọ́ aṣọ ìmúròde. Bí àlejò bá dé, mo máa ń mú un jáde, wọ́n á wò ó, wọ́n á ṣàdúrà fún ọ, mo tún dá a padà. Mo rò pé bí a bá ṣe ń lò ó ni ìgbọ́ràn inú rẹ̀ ń tán lọ, mo ní kí n tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí o bá wálé.

Má sì rò pé n kò gbìyànjú. Mo wọ̀ ọ́ dé ìdí ẹ̀rọ ìlọta, àfi bí ẹni pé wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlọta náà wọ inú orí mi. Télọ̀ iwájú ilé wa ní kí wọ́n wá wo bàbá tó so fóònù mọ́ etí, làwọn oníbàárà bá sọ mí ní Bàbá Onífóònù. Bátìrì rẹ̀ kò ju hóró àgbàdo lọ, ìka mi kò rí i dì mú, ọ̀kan já sínú àgbàdo oníbàárà, díẹ̀ ló kù kí n lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Èyí tó kú, mo sá a sóòrùn, kò jí. Ẹ̀rọ náà tún ń súfèé, mo rò pé ìwọ lò ń pè mí láti ọ̀hún. Mo gbà pé gbogbo ohun tí a ń sọ nílé ló ń gbé wá bá ọ, nítorí náà bí èmi àti ìyá rẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkọ tí o kò tíì fẹ́, mo máa ń yọ ọ́ kí n tó lanu.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àmín yẹn, mo mú ẹ̀rọ náà jáde nínú àpótí. Mo gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú etí lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kò sóhun tó ń tán níbẹ̀ ju bátìrì lọ. Ó ní etí mi ti gbàgbé ìró, pé bí mo bá ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìró ni yóò máa jọ àlejò sí mi. Kí n máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, nínú ilé tó pa rọ́rọ́ ná, kí n sì yọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Ó tún un fi sí mi létí dáadáa, súfèé dákẹ́. Ó kọ́ ìyá rẹ ní bí a ṣe ń pààrọ̀ bátìrì, torí ìka tirẹ̀ ṣì rọ̀.

Ní báyìí, bí mo bá ti jí, òun ni mò ń wọ̀ kí n tó wọ ẹ̀wù. Kò rọrùn, ariwo ayé ṣì pọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n lánàá, mo gbọ́ tí ìyá rẹ ń dá sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gbálẹ̀. Ó ní èmi ni mo sọ òun di aláriwo, pé ohùn òun kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

O mọ̀ pé ibi tí mo ti máa ń tọrọ owó nìyí. N kò tọrọ lónìí, a ó wá owó bátìrì. Bí ìlú bá le, ilé ò jìnnà, yàrá rẹ wà níbẹ̀, àpò àgbàdo díẹ̀ péré la kó sí i. Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ, èyí tó dára jù ú lọ ni Ọlọ́run yóò fi rọ́pò. Ojú kò ní tì ọ́ láwùjọ ẹgbẹ́ rẹ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ ọ́: pè mí. Èmi ni kí o pè, má pe ìyá rẹ. Tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Má pariwo, ohùn tí o fi ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ ni kí o fi bá mi sọ ọ́. Bí ẹkún bá sì dé, má gé fóònù, sun ún. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ.