Pèrègún Tí Màmá Gbìn sí Ìhà Orí Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi, bí ìsinmi bá ṣì kù fún yín. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu tèmi. Itẹ́ òkú tí a sin yín sí kò sí mọ́. N kò sọ pé igbó bò ó o. Igbó ti bò ó tipẹ́, ẹ̀yin náà á ti mọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni mo ní kò sí mọ́. Wọ́n ti wà á lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Màmá wà. Orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ta ọṣẹ àti kànìnkànìn níwájú ilé. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà Ìyẹsí, mò ń ṣe fọ́tókọ́pì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Àǹtí Fọ́tókọ́pì ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì nínú wọn jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Bí mo bá ń to ìwé wọn, mo máa ń rántí bí ẹ ṣe ń fi kàlẹ́ńdà tó ti kọjá bo ìwé mi nígbà tí mo wà nílé-ìwé. Ẹ máa ń yí àwòrán rẹ̀ sínú, kí funfun wà níta, ẹ óò wá fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀ títí tí yóò fi mú bí abẹ. Ta ló kọ́ yín? N kò bèèrè nígbà tí ẹ wà.

Ìkìrun ló yẹ ká gbé yín lọ nígbà náà. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ikú yín bá wa lójijì, ilé onílé la sì ń gbé. Kò sí onílé tí yóò jẹ́ kí ayálégbé sin òkú sí àgbàlá òun. Àbúrò yín, Dádì Ìkìrun, ní ká sin yín sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì yín lórí òkè ná, pé tó bá yá, òun á wá gbé yín wálé. “Tó bá yá” yẹn la wà.

Kò pẹ́ tí ẹ lọ ni ṣọ́ọ̀ṣì ńlá gba ilẹ̀ lápá ọ̀hún. Bọ́ọ̀sì wọn ń gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, afẹ́fẹ́ tútù wà nínú rẹ̀. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni àwọn ará ìjọ yín wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí Bàbá Wòlíì tó dá ìjọ yín sílẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wá ká páànù orí ilé ìsìn náà lọ. Kò wá sẹ́ni tó kù tí yóò nawọ́ sí itẹ́ òkú náà pé tiwa ni.

Ẹ rí i, a kò rí sìmẹ́ńtì fi ṣe ojú ibojì yín nígbà náà. Màmá gé pèrègún, ó gbìn ín sí ìhà orí yín kí a má baà ṣi ibẹ̀ mọ̀. Àwọn tó sin òkú tiwọn tẹ̀ lé yín rí i, wọ́n gbin tiwọn náà. Ìlà kan gbọọrọ ni Bàbá Wòlíì ní kí wọ́n máa sin òkú sí, nítorí náà ìlà kan gbọọrọ ni pèrègún náà hù sí. Ó ga, ó gbòòrò, ó la òkè yẹn já láti orí dé ìdí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, Bàbá.

Ẹbí méjì ló ń jà sí òkè náà. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn ọmọ onílẹ̀ apá òkè àti apá odò. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń kọ́ yunifásítì, tí wọ́n ń wá erùpẹ̀ pupa tí wọ́n máa fi kún ilẹ̀, ìjà náà le sí i, nítorí erùpẹ̀ pupa ni òkè yẹn látòkè délẹ̀. Wọ́n ṣá ara wọn ládàá. Nígbà tó yá, àwọn àgbààgbà ìhà méjèèjì gun òkè lọ láti wá ààlà. Kí ni wọ́n rí? Pèrègún, lórí ìlà. Gbogbo ayé ló ń fi pèrègún pààlà. Wọ́n ní àwọn bàbá àwọn ló gbìn ín. Wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n jọ jẹ ẹ́, ìjà parí. Oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ta erùpẹ̀ ìhà tirẹ̀ dé ìdí pèrègún.

Mo lọ bá olórí ẹbí apá òkè nílé rẹ̀. Bàbá arúgbó ni, ó jókòó, ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá mi ló gbin pèrègún yẹn. Ibojì ni gbogbo ìdí rẹ̀.”

“Màmá ta?”

“Màmá tèmi, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. “Ẹ gbọ́ ọmọ àlejò! Pèrègún tí bàbá bàbá mi gbìn!”

Ìyàwó rẹ̀ kò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ẹ̀wà. “Ẹ má dá a lóhùn, jàre. Ará Ọ̀ṣun! Tí ẹ bá fún wọn ní yàrá, wọ́n á ní pálọ̀ ńkọ́.”

Mo kàn wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, n kì í lè jà. Bàbá náà wò mí títí, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fa ohùn wálẹ̀. “Ìyá mi, gbọ́. Ká ní bí o ṣe wí ló rí. Ká ní ibojì ni. Á jẹ́ pé a ò ní ààlà nìyẹn. Tí a ò bá sì ní ààlà, àdá á tún jáde. Ọmọ mi kan ò lè na apá ọ̀tún rẹ̀ dòní. Ṣé kí n tún fi òmíì kún un nítorí òkú?”

Bàbá, kí ni ẹ̀yin ì bá sọ fún un?

“Fọkàn balẹ̀,” ló sọ fún mi nígbà tí mo dìde. “Kò sẹ́ni tó ń wa ààlà.”

Kò purọ́. Ìhà méjèèjì ni wọ́n wà wálẹ̀, wọn kò fọwọ́ kan ìdí pèrègún. Nígbà tó yá, ẹ wà lórí ògiri erùpẹ̀ kan tóóró, kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì, ewé pèrègún ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè. Mo máa ń lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, mo máa ń dúró nísàlẹ̀, mo máa ń gbójú sókè wò yín. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹ óò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ẹ tó fẹ̀yìn tì, ẹ ti wá di ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Mo pe Dádì Ìkìrun lórí fóònù. Mo ní “tó bá yá” ti yá o. Ó dá mi lóhùn dáadáa, ẹ má dá a lẹ́bi. Ó ní òun á gbẹ́ ihò sílẹ̀ ní yàrá tó jẹ́ tiyín nínú ilé bàbá yín, òun á sì mú àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ibojì wá. Ó ní bí a kò bá tiẹ̀ rí egungun, ká bu erùpẹ̀ ibi tí orí yín wà, pé èyí náà tó. Mo ní mo mọ ibẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ara rẹ̀: pèrègún kìíní láti apá ìwọ̀-oòrùn, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ pín sí méjì.

A dájọ́. Ọjọ́ kò tíì pé tí òjò fi dé. Ògiri náà wó.

Nígbà tí mo débẹ̀, kòtò méjì ti di ẹyọ kan, katapílà sì ń kó èyí tó wó sínú típà. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ààlà ṣe? Mo bi dírẹ́bà típà kan pé ibo ni wọ́n ń kó o lọ.

“Sister, ibi gbogbo. Ti àná, a fi kún ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ máa páàkì mọ́tò sí. Ti òní, títì inú yunifásítì ni. Àbí you wan arrest sand?” Àwọn ọmọkùnrin ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Bàbá mi wà nínú ẹ̀.”

Ó ṣí fìlà. Ó pa iná ọkọ̀. “Ẹ má bínú, sister. Wọn ò sọ fún wa pé èèyàn wà níbẹ̀.” Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá mi fọwọ́ tú erùpẹ̀ náà wò. A rí pèrègún tó dorí kodò, mo yí i wò, ẹ̀ka rẹ̀ kò pín. A rí irin ìdímú pósí kan. Inú dírẹ́bà dùn, ó nà án sí mi. Ṣùgbọ́n pósí yín kò ní irin, okùn ni káfíńtà fi ṣe ìdímú rẹ̀. Mo dá a padà sílẹ̀. Ti bàbá ẹlòmíì ni.

Ọ̀gá wọn kígbe láti òkè pé, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ yẹn, ṣé ìsìn lẹ̀ ń ṣe ni?” Katapílà tún bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún Màmá. Kò sunkún. Ó ní ká máa lọ sí Ìkìrun, pé wọn kì í gbẹ́ ihò òkú kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé yàrá yín, ihò náà ti wà níbẹ̀, ó jìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé. Dádì Ìkìrun mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, tó sì rí i pé ọwọ́ wa ṣófo, ó fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìyàwó wa, erùpẹ̀ pupa wà lẹ́yìnkùlé níbí. Ẹ jẹ́ ká bù ú sínú aṣọ funfun, ká ṣe gbogbo ètò. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi á mọ̀,” ni Màmá wí.

“Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi ni o. Kí n wá ṣe kí ni?”

“Ẹ dí i.”

Ó wo èmi, bí ẹni pé mo lè bá òun bẹ̀ ẹ́. Ó mú ṣọ́bìrì, ó ń da erùpẹ̀ náà padà, ó ń sunkún bí ọmọdé, Màmá sì ń fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ mọ bí ojú ibojì ṣe máa ń ga, nítorí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti gba àyè erùpẹ̀. Èyí kò ga. Erùpẹ̀ tó jáde ló wọlé padà, ó sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Màmá gbá ojú rẹ̀, ó tẹ́ ẹní lé e, wọ́n gbé oúnjẹ wá, a jókòó lórí rẹ̀ jẹun.

Ṣé abẹ́ mọ́tò lẹ wà, Bàbá? Ṣé abẹ́ títì ni? Ṣé ibi kan náà ni gbogbo yín wà, àbí wọ́n pín yín?

Èmi ni, ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tí kò mọ apá ibi tí yóò kọjú sí kí yín.