Ẹni Kẹwàá Tó Pé Wa

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá wa gbé ẹjọ́ tó bá wúwo. Ẹ má wá orúkọ mi. Olùkọ́ Ìtàn ni mí ní yunifásítì.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn aláṣẹ ní tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wa ò bá pé mẹ́wàá, àwọn máa ti ẹ̀ka wa pa. Mẹ́sàn-án la rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí lẹ́tà ìgbaniwọlé rẹ̀ dé, èmi ni mo gbà á. Mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo ní wọn ò mú un, kó wá ka Ìtàn. Ó sunkún títí, ó sì tún kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní kíláàsì, èmi yìí náà ni mò ń sọ pé ẹni tó bá fi ìwé pamọ́, ìtàn ló pa.

Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ti sá lọ sí ẹ̀ka míì tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti ẹ̀ka náà pa. Wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì míì, ó tiẹ̀ ní fèrèsé méjì. Wọ́n ní kí ọmọ náà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní níbòmíì. Òun ló ń bá mi kó ẹrù, tó ń wí pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má banú jẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ka lẹ́tà yìí. Ọmọ náà ló máa ń tan rédíò láàárọ̀ tó bá ń po tíì mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n wí tó bá gbé tíì náà wọlé?