Adìyẹ Orí Jẹnẹrétọ̀

Alàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbà

Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò wọlé! Ọ̀gá ti fẹ́ dá owó ètò gílóòbù wa dúró tẹ́lẹ̀, torí iná táwọn ará àdúgbò Gàmbàrí ń lò nílé ò dínkù látìgbà tá a ti pín gílóòbù tí kì í jẹná fún wọn.

Mo lọ wò ó lónìí. Nílé Àlájà kan tí mo kọ́kọ́ yà, gílóòbù àtijọ́ ló ṣì ń tàn.

“Ìyá, èyí tá a fún yín ńkọ́?”

“A ti fi ṣe sàráà fún mọ́ṣáláṣí. Gbogbo àdúgbò ni. Ohun tó dáa tó yẹn, ṣé a máa dá nìkan gbádùn ẹ̀ ni?”

Mo fẹ́ bínú o. Àmọ́ mo sáré lọ bá Lèmọ́mù. Ó ní látìgbà tí gílóòbù wa ti dé, sólà kékeré mọ́ṣáláṣí ló ń gbé gbogbo iná ibẹ̀. Ó fi jẹnẹrétọ̀ tí wọn ò tàn mọ́ hàn mí: adìyẹ ti yé sórí ẹ̀!

Mo ya fọ́tò adìyẹ yẹn, òun sì ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ rí láàárọ̀ ọ̀la.