Ìyá Oníbúrẹ́dì: Ẹ̀jẹ̀ Sọ̀rọ̀, Wọ́n Pè É Ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Ọdún 1956 ni wọ́n bí olóògbé, àkọ́bí káfíńtà, ọmọ a-sọ-igi-tútù-di-ìtẹ́, ọmọ a-sọ-pákó-di-ilẹ̀kùn. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni agbára bàbá rẹ̀ mọ. Ìdí ààrò búrẹ́dì ló ti gba yunifásítì tirẹ̀.

Ní 1979, ó fẹ́ awakọ̀ tó máa ń já fùláwà sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Àwọn èèyàn ní fùláwà ló ṣe alárinà.

Àdúrà ló fi ń ṣí ààrò láràárọ̀. Aládùúgbò tó bá bímọ, búrẹ́dì gbígbóná rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí i.

Ní 2019, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní kò ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ínsúlìn, omi tí ara ń sun láti darí ṣúgà, ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé àrùn ti dé o. Àmì ni pé ewu jẹjẹrẹ ìfun lè pọ̀ fún un ju ẹlòmíràn lọ. Nítorí ẹ̀jẹ̀ tó sì ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, kó tètè wá kí wọ́n fi kámẹ́rà wo ìfun náà.

Olóògbé délé, ó rò ó bó ṣe gbọ́ ọ. Ṣúgà nìkan ni àwọn ará ilé gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, olórí ìdílé, ní ta ni kò mọ̀ pé adùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí? Kí oníbúrẹ́dì yé tọ́ ṣúgà wò, kó máa mu àgbo kíkorò, kí ẹnikẹ́ni má ti kámẹ́rà bọ ìdí ìyàwó ilé àwọn. Olóògbé rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ti sọ tẹnu ẹ̀, Bàbá. Orúkọ tẹ́ ẹ fún un yẹn kọ́ ló ń jẹ́."

Ṣùgbọ́n ó mọ ìtẹríba. Ó mu àgbo náà. Nígbà tí wọ́n máa fi wo inú rẹ̀ ní 2021, jẹjẹrẹ ti kọ́lé sí ìfun, ó ti gba yàrá sínú ẹ̀dọ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà.

Olóògbé fi ọkọ sáyé, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, àti ẹ̀gbọ́n ọkọ, tó lọ fi kámẹ́rà wo ìfun tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, kí Ọlọ́run tó gbọ́ èdè ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ọ sí àyè tí wọ́n ti ń pe ohun gbogbo lórúkọ tó ń jẹ́. Ààrò ti tutù, ìyá. Sinmi.