Ẹ Dá Wa Padà sí Bẹ́ǹṣì Abẹ́ Igi Fúrúùtù, kí Oríkì Muslimah Má Bàa Dúró Lágbedeméjì

Ilé Adélàjà,
Ẹ̀yìn Gáréèjì,
Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 2006.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìwòsàn Ìtura,
Agbọ́wà, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ ÀWA ALÁÌSÀN Ẹ̀DỌ̀FÓRÓ PADÀ SÍ ỌJỌ́ KAN ÀTI BẸ́ǸṢÌ KAN

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ ìwé yìí. Ìwé kẹfà ni mo kà dé, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tó wọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ kó tọ́. Iṣẹ́ pákó lílà ni mo ṣe ní Ìbẹ́ṣẹ̀ títí mo fi darúgbó. Lẹ́búlẹ́bú igi tí mo fà símú níbẹ̀ tó láti fi kan tábìlì kan pẹ̀lú àga rẹ̀, ó sì ti kọ̀ kò jáde. Ohun tí ẹ̀ ń tọ́jú láyà mi nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni gbogbo àwa tí mímí ń ṣòro fún máa ń wá, ará Ìkòròdú àti ará Ẹ̀pẹ́. Abẹ́ igi fúrúùtù ni à ń jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì kan tó ń dún ju àyà wa lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìkíni wa kì í ṣe ohun kékeré. Kí èèyàn tó béèrè ilé, ọ̀nà àti ọmọ, èémí ti tán. Nítorí náà a máa ń pín in. Èmi a béèrè ilé, Mojúbàolú tó jókòó tì mí a béèrè ọmọ, ẹni kẹta a ṣe àmín. Bí nọ́ọ̀sì kan bá kọjá, àwa mẹ́ta la ó jọ kí i tán.

Ìyá Wàsílátù wà lára wa. Ẹ̀pẹ́ ló ti yan ẹja títí èéfín fi gba àyà rẹ̀. Òun ló tọ́ Muslimah, ọmọ-ọmọ rẹ̀, dàgbà, àràárọ̀ tí ọmọ náà bá sì kúnlẹ̀ ló máa ń kì í, láti orí Àjọkẹ́, orúkọ oríkì ọmọ náà, dé orí baba ńlá wọn. Nígbà tí àìsàn dé, kò lè kọjá Àjọkẹ́ mọ́. Ọmọ náà rò pé ìyá ń bínú sí òun. Ìyá sunkún sọ ọ́ fún wa. Mo ní kó dákẹ́, pé ẹkún ń jẹ èémí ju oríkì lọ, kó kúkú fi oríkì náà kọ́ wa.

Ó kọ́ wa. Ìyá a bẹ̀rẹ̀, bí èémí rẹ̀ bá tán a nawọ́ sókè, Mojúbàolú a gbà á, èmi náà a gba tèmi. Mojúbàolú yìí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ará Ìkòròdú, mọ ìdílé apẹja Ẹ̀pẹ́ náà débi pé ó ń bá Ìyá jiyàn lórí ẹni tó bí ta ni. Èmi fi ìlà kan kún un, pé ọmọ ẹni tí ẹja rẹ̀ níyọ̀ ju òkun lọ. Ìyá ní kí n yọ ọ́. N kò tíì yọ ọ́. Ọjọ́ tí Muslimah wá kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì, kò mọ èwo nínú wa ni kó dá lóhùn.

Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì yóò sọ fún yín pé ẹ̀rín pa Mojúbàolú nídìí oríkì náà lọ́jọ́ kan títí ikọ́ fi gbé e, tí wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Òótọ́ ni. Ẹ kàn bá mi béèrè ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Ó ní, "Ta ló gba ìlà mi?"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti pín wa, ará Ìkòròdú ní ọjọ́ Ajé, ará Ẹ̀pẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wọ inú ilé, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri. N kò bá Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì ṣọ̀tá. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dùn mí, kó lè kẹ́ mi ni mo ṣe ń pariwo.

Ṣùgbọ́n Ìyá Wàsílátù kò wá mọ́. Oògùn tó ń fà sẹ́nu ti tán, kò sì wá gba òmíràn. Mo wọkọ̀ lọ bá a ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní, "Onípákó, kí ni kí n wá ṣe níbẹ̀? Ṣé kí n wá máa wo ògiri ni?" Mo dá ọ̀rọ̀ iyọ̀ ẹja sílẹ̀, kò bú mi. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí n jókòó tán kó tó bú mi, kò bú mi. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ikọ́ lọ.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí ni yìgì Muslimah. Ìyá ti ní kí ẹlòmíràn kì í. Ọmọ náà ní òun kò fẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ dá wa padà sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lábẹ́ igi, kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ gbé ọ́síjìn sí tòsí bí ẹ bá fẹ́. A ó máa rẹ́rìn-ín níwọ̀n, èmi náà yóò gbìyànjú. Oògùn yín ń ṣí wa láyà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, kí ni yóò fi èémí náà ṣe?

Bí ẹ bá gbà, ẹ wá jókòó tì wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú oríkì Àjọkẹ́ gùn, kò sí ẹnì kankan lórí bẹ́ǹṣì tí èémí rẹ̀ tó o. A ti fi í pamọ́ fún yín.

A dúpẹ́ o, kí ẹ tó ṣe é.

Èmi ni tiyín, tí èémí rẹ̀ kúrú tí ẹnu rẹ̀ gùn,

Bísíríyù Adélàjà,
Alága Bẹ́ǹṣì (èmi ni mo yan ara mi).